Ṣé wọ́n lè yọ owó ìbuwọ́lùwé kúrò nínú owó oṣù ìkẹyìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá mọ òfin iṣẹ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o, nítorí àbúrò mi obìnrin ni.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan níbí l'Óṣogbo fún un ní ₦150,000 lọ́jọ́ tó buwọ́ lùwé, yàtọ̀ sí owó oṣù. Ìwé náà ní bí kò bá lo ọdún kan, yóò dá owó náà padà. Kò sí níbẹ̀ pé wọ́n á yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ó sì fi tó wọn létí bó ṣe yẹ. Nígbà tí owó oṣù ìkẹyìn máa wọlé, ₦20,000 péré ló rí! Oṣù mẹ́wàá tó fi sìn wọ́n tọkàntọkàn kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ó dùn mí gan-an.

Mo rí i ní abala 5 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà pé àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó òṣìṣẹ́ lọ. Ṣé ó kan ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ náà? Ṣé kì í ṣe ti oṣù méjì tó kù nìkan ló yẹ kí wọ́n gbà? Ṣé ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ la máa kọ́kọ́ lọ, àbí ká wá lọ́yà tààrà?