Ìsinmi nǹkan oṣù: ta ló yẹ kó mọ ìdí rẹ̀?

Olùbéèrè, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan, obìnrin méje ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ti gbà pé kí obìnrin tí inú bá ń run nígbà nǹkan oṣù rẹ̀ máa gba ìsinmi ọjọ́ kan lóṣù láìgé owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tí awakọ̀ àti ẹni tó wá gba káàdì ìgbéyàwó ti lè kà á. Báwo ni kí n ṣe kọ ìlànà yìí tí àṣírí ẹnikẹ́ni kò fi ní tú?

Agbẹjọ́rò
Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò dárúkọ ìsinmi nǹkan oṣù. Ìsinmi àìsàn ọjọ́ 12 lọ́dún ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ ìwé dókítà. Ẹ wo Zambia: òfin wọn ti ọdún 2019 fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní ọjọ́ kan lóṣù láìmú ìwé dókítà wá, láìsì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. “Ọjọ́ Ìyá” ni wọ́n ń pè é, bí obìnrin náà kò tilẹ̀ tíì bímọ. Ní ti ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ gbé e kúrò kíákíá, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni tiwa ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gba ìṣọ́ra ju ìsọfúnni yòókù lọ.

Òṣìṣẹ́ báǹkì
Bí a kò bá béèrè ohunkóhun, kí ni yóò dá ẹni tó kàn fẹ́ lọ sí òde ìnáwó lọ́jọ́ Ẹtì dúró?

Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ lọ sóde ti pa ìyá rẹ̀ àgbà lẹ́ẹ̀mẹta kí ìlànà yìí tó dé. Irú ìfura yìí náà ló mú kí Asiana, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Gúúsù Kòríà, kọ̀ láti fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ wọn ní ìsinmi yìí nígbà 138 láàárín ọdún 2014 sí 2015. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fọwọ́ sí owó ìtanràn mílíọ̀nù 2 wọ́ọ̀nù tí wọ́n bù lé ọ̀gá àgbà wọn àná. Ta ni kò mọ̀ pé kí a ní kí obìnrin mú ẹ̀rí nǹkan oṣù wá jẹ́ ìtìjú fún un? Ní Japan, ìsinmi náà ti wà nínú òfin láti ọdún 1947, síbẹ̀ ní ọdún 2020, nínú 100 obìnrin, iye tó béèrè rẹ̀ kò pé ẹyọ kan. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún ọ̀gá ọkùnrin.

Olùbéèrè, Ìbàdàn
Mo dúpẹ́ púpọ̀. “Ìsinmi ara” ni mo máa pè é. Èmi nìkan ni wọn yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, “kò sí lẹ́nu iṣẹ́” nìkan ni yóò sì wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n bí obìnrin nìkan bá ń gbà á, orúkọ yẹn kò bo nǹkan kan, gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò mọ̀. Mo fẹ́ bẹ ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé pé kí àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ kan tiwọn.