Fọ́múlà kíndìnrín tó ń béèrè bóyá èèyàn dúdú: ta ló mú ọdún tí wọ́n dá padà fún bùrọ̀dá mi?

ỌmọOlóyèmẹ́kùn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Akúrẹ́ níbí, ní Ìjọ̀kà, ni mo ti ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀. Bùrọ̀dá mi wà ní Amẹ́ríkà, kíndìnrín ẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì ti wà lórí ìlà àwọn tó ń retí kíndìnrín tipẹ́. Ní 2023 ọsibítù kọ lẹ́tà sí i, ọsibítù yunifásítì ńlá ni o, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, wọ́n ní fọ́múlà tí wọ́n fi ń ṣírò bí kíndìnrín ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ti fún un ní nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ torí pé aláwọ̀ dúdú ni, pé ó ti yẹ kó wà lórí ìlà kó tó di pé ó débẹ̀, àwọn sì ti fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ kún àsìkò tó ti ń dúró. Gbogbo ilé ń yọ̀. Mọ́mì nìkan ni ò sọ nǹkan kan, nígbà tó yá wọ́n ní, "Ọdún tí wọ́n dá padà yẹn, ta ló kọ́kọ́ mú un?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Bùrọ̀dá rí kíndìnrín gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ara ẹ̀ ti ń yá, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ṣùgbọ́n ìbéèrè Mọ́mì ò kúrò lọ́kàn mi, pàápàá torí ọmọ mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Oǹdó báyìí, òun náà ń sọ pé òun á lọ s'Ámẹ́ríkà tóun bá parí. Báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe wọ iléèwé ìṣègùn tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i? Ṣé ẹlẹ́yàmẹ̀yà la máa pè é àbí àṣìṣe? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń yọ ọ́?

ỌmọLábù:
Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú oríire ti bùrọ̀dá. Iṣẹ́ lábù ni mo ń ṣe, ojoojúmọ́ ni fọ́múlà yẹn ń kọjá lọ́wọ́ mi. Tí a bá gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ohun tí à ń wá níbẹ̀ ni kríátínìn, ìdọ̀tí tó ń jáde látara iṣan, kíndìnrín ló yẹ kó máa sẹ́ ẹ dànù, tó bá ti ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a jẹ́ pé kíndìnrín ò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà á wá béèrè ọjọ́ orí, ọkùnrin ni àbí obìnrin, lẹ́yìn náà á béèrè pé ṣé aláwọ̀ dúdú ni. Ó máa fi gbogbo ẹ̀ ṣírò nọ́ńbà kan tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bó bá ṣe ga tó ló ṣe dáa tó. Tá a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á fi 1.212 sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀. Èyí tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2000 nìyẹn, MDRD ni wọ́n ń pè é. CKD-EPI tó jáde ní 2009, 1.159 ni tiẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé iṣan aláwọ̀ dúdú pọ̀ ju ti òyìnbó lọ. Iṣan ta ni wọ́n wọ̀n? Bàbá tó ń ro oko kòkó ní Ìdànrè àti akọ̀wé tó ń jókòó ní Alágbàká látàárọ̀ dalẹ́, ṣé iṣan kan náà ni wọ́n ní?

Ẹ wá wo ohun tó ń fà. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ẹni tí ò bá tíì máa fọ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 20 kí ọjọ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà lórí ìlà. Òyìnbó tó ní 18, tiẹ̀ ti ń kà. Aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rí bákan náà gẹ́lẹ́, nígbà yẹn wọ́n á fi 1.159 sọ 18 yẹn di 20.9, wọ́n á ní kó ṣì máa lọ ná. Ibẹ̀ ni ọdún bùrọ̀dá yín bọ́ sí. Wọ́n sì ti dán an wò ní Gúúsù Áfíríkà àti Côte d'Ivoire o, wọ́n rí i pé èsì sún mọ́ òótọ́ jù tí wọn ò bá fi ìyẹn sí i rárá.

TíṣàFẹ̀yìntì_Oǹdó:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, lójú tèmi àṣìṣe ni èyí. Ẹni tó ṣe fọ́múlà yẹn lè má ní ìkà kankan nínú, ó lè jẹ́ pé ó rò pé òun ń ran àwọn dúdú lọ́wọ́ ni. Tá a bá ń pe gbogbo nǹkan ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ọjọ́ tí ti gidi bá dé ta ló máa dá wa lóhùn? Àti pé àìsàn kíndìnrín máa ń mú àwa dúdú lóòótọ́, ṣé kì í ṣe pé ara wa yàtọ̀ ni? Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ mọ̀ ni.

DókítàLaje:
Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Oǹdó ni mo ti kàwé, ní UNIMED, yunifásítì ìṣègùn tó wà níbẹ̀, ìlú òyìnbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé kò ní ìkà nínú yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà sà. Dókítà tó tọ́jú bùrọ̀dá lè fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ ìyá, fọ́múlà á ṣì gba ọdún lọ́wọ́ ẹ̀, torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ti fi ṣe ìdánwò fún un, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó débẹ̀. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ò nílò ẹni búburú nìyẹn, òun ló sì le jù láti yọ torí kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa mú.

Ní ti pé ara wa yàtọ̀, ní 2010 wọ́n rí ẹ̀yà jíìnì APOL1 kan tó ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, ó pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá àti Ìgbò. Ṣùgbọ́n ará Ethiopia dúdú bíi tiwa, ẹ ò lè rí i lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká wò, àwọ̀ ò lè sọ ìyẹn fún wa. Ẹ tún wò ó sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, àwọn tí kíndìnrín wọn ń tètè bàjẹ́ ni fọ́múlà yẹn ń sọ fún pé tiwọn le koko ju ti òyìnbó lọ.

Àǹtí béèrè pé báwo ni wọn ò ṣe rí i. Ta ló wà níbẹ̀ tó máa rí i? Ní 1910 Abraham Flexner kọ ìròyìn lórí àwọn iléèwé ìṣègùn Amẹ́ríkà, méje ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú, márùn-ún kógbá wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ó ku Howard àti Meharry. Ó tún kọ ọ́ pé ìmọ́tótó ni kí wọ́n kọ́ dókítà dúdú ju iṣẹ́ abẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti lé èèyàn kúrò ní yàrá, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ ò ní rẹ́ni béèrè pé kí ni 1.212 yìí ń ṣe níbí.

Kì í sì ṣe kíndìnrín nìkan. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó, ní 2020 wọ́n yẹ àwọn tó ní ara wọn dá wò, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún èsì àwọn dúdú, 3.6 ni ti òyìnbó. Ọdún yẹn náà ni Malone Mukwende, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St George's ní Lọ́ńdọ̀n, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹ̀ méjì ṣe ìwé Mind the Gap, tó ń fi bí àìsàn ṣe ń rí lára awọ dúdú hàn, torí àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, awọ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn dúdú rí tí ọ̀gá mi ń wá "pupa" lára ẹ̀ tí ò rí i, inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń béèrè, àǹtí. Ọsibítù Beth Israel Deaconess ní Boston yọ ọ́ ní 2017, yunifásítì Washington ní Seattle tẹ̀ lé e ní 2020 lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ní 2021 wọ́n wá gbé fọ́múlà tí ò béèrè àwọ̀ jáde fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti January 2023 ni wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ọsibítù tó ń pààrọ̀ kíndìnrín padà lọ wo fáìlì àwọn dúdú tó wà lórí ìlà. Nígbà tó fi máa di 2024, ó lé ní 14,000 èèyàn tí wọ́n dá àsìkò padà fún, bí ọdún méjì méjì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ó, wọn ò tọrọ àforíjì kí wọ́n wá jókòó, wọ́n ṣí fáìlì.

Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n rí i ní 2019 pé ìlọ́po méjì ni àwọn ọsibítù fi ń fẹjọ́ àwa dókítà tí a kì í ṣe òyìnbó sun GMC, àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ju àwọn òyìnbó lọ. GMC wá fi ọjọ́ sí i ní 2021, 2026 fún ẹjọ́ yẹn, 2031 fún ìyàsọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè fi dì wọ́n mú ju ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó máa béèrè ibi tí nọ́ńbà ti wá, láti Oǹdó níbẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì_Oǹdó:
Dókítà, o ṣeun ọmọ mi. Ti pé fọ́múlà náà kọjú síbi tí ò yẹ yẹn ló wọ̀ mí létí jù. Mo ti gbọ́.

ỌmọOlóyèmẹ́kùn:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ fún Mọ́mì, wọ́n ní kí n kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, nígbà tí mo kà á tán mo lọ tú bébà lábù tí Dádì ṣe níbí l'Ákùúrẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn. Ọdún 70 ni wọ́n, kríátínìn 1.35. Nọ́ńbà méjì ló wà nísàlẹ̀, 53, wọ́n wá kọ 61 síwájú "African American". Dádì mi tí ò kúrò nílẹ̀ yìí rí! 61 ni dókítà wò, ó ní kò séwu.

ỌmọLábù:
Àǹtí, mo ti fi ti 2021 ṣírò ẹ̀, 56 ló fún mi. Kò tó 60, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ kíndìnrín. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi dá ara yín lágara, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì mójú tó BP wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lo oògùn ara ríro léraléra. Mo lọ wo kọ̀ǹpútà tí àwa náà ń lò lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ṣì ń béèrè. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa láàárọ̀ yìí.