Ọmọ ọdún 5 tí kò lè de bọ́tìnnì: ká dúró ni, àbí ká wá oníṣẹ́ occupational therapy (ìtọ́jú tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti lè ṣe nǹkan ojoojúmọ́ bíi wíwọṣọ àti kíkọ̀wé)?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa ní Ìkòròdú, ọdún 5 àti oṣù 7. Ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, ó mọ nọ́ńbà. Àmọ́ ìkúùkù ló fi ń di pẹ́ńsùlù mú, á tẹ̀ ẹ́ títí ìwé á fi ya. Ó lè ya àmì róbótó, èyí tí ọmọ ọdún 3 máa ń yà. Onígun mẹ́rin tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò lè de bọ́tìnnì kankan. Bí agogo bá dún, á di etí, á sunkún. Kì í sì fẹ́ kí ẹ̀bà kan ìka òun. (Ọwọ́ òsì ló ń lò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìyẹn lẹ́bi.)

A ti kán crayon sí kéékèèké kí ìkúùkù má ráyè dì í mú, ó sì ń fi amọ̀ ṣeré fún ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé, kò yàtọ̀.

Ṣé ká kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò? Ṣé lẹ́tà Jẹ́nẹ́rà (ọsibítù ìjọba) Ìkòròdú la máa gbà ká tó lọ sí LASUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó n'Ìkẹjà? Báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ tí kò fi ní gbọ́ ọ bíi pé a pe ọmọ rẹ̀ ní dìndìnrìn?