Ọ̀rá ń fẹ̀, ó tún ń súnkì: ṣé sikúrù ló ti jẹ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ọ̀rá. Ìkòròdú ni ẹ̀rọ tèmi wà, sikúrù rẹ̀ (irin oníyíyí tó ń ti ike síwájú nínú bárẹ̀lì, ìyẹn páìpù irin tó bò ó) jẹ́ 55 mm, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la ń fi ṣe. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 bá ti pé, ámpù mọ́tò (ìwọ̀n iná tó ń fà) á fò láti 38 sí 52, ọ̀rá á nípọn, á tún fẹ́lẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ náà á máa yí. Tó bá jẹ́ hóró ike tuntun nìkan, ó ń rọra ṣe é. Tí a bá da àtúnlọ̀ (ọ̀rá àlòkù tí wọ́n lọ̀) 30% mọ́ ọn, wàhálà dé.

Mo ti pààrọ̀ àwọ̀n ojú dáì (ẹnu tí ọ̀rá ń gbà jáde). Hítà ń ṣiṣẹ́ dáadáa: bárẹ̀lì 150°C, 165, 175, dáì 180. Ìdí họ́pà (ibi tí a ń da hóró sí) gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró lé e, dógùn-ún omi bọ̀rọ̀hóòlù ló dí ọ̀nà omi tó ń tù ú. Mo fọ̀ ọ́, ó tutù, hóró ò lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ámpù ṣì ń fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fi iná kún un. Mo ti gbé dáì dé 190, ọ̀rá tó ń wú kàn ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ ni.

Mo wá fa sikúrù yọ. Àyè láàárín eyín rẹ̀ àti bárẹ̀lì, ní ẹ̀gbẹ́ kan, jẹ́ 0.1 mm lápá họ́pà, 0.45 mm níwájú. Tuntun ò yẹ kó ju bí 0.06 lọ.

Ṣé jíjẹ iwájú yìí lè mú kí ámpù fò báyìí, àbí ibi tí hóró ti ń wọlé ni kí n ṣì máa wá? Tó bá jẹ́ sikúrù ni, ṣé kí wọ́n jó irin kún eyín rẹ̀ nìkan tó, àbí bárẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá a lọ?