Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ológbò mi tó kú

Nígbà tí àrùn panleukopenia (àrùn ológbò tó máa ń ràn) pa Dúdú, ológbò mi, mo bi yín bí mo ṣe lè gba òmíràn tí àrùn náà kò fi ní mú un. Ìmọ̀ràn tó yanjú rẹ̀ ni pé kí n po bílíṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 32 fọ ilẹ̀, nítorí pé kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilé fún ọdún 1, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Sísin tí mo sin ín sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òṣogbo tù mí nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo ṣì máa ń ṣí fèrèsé tó fi èékánná họ yìí sílẹ̀ fún un. Ọmọ ológbò tuntun ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. N kò ní mú un wálé àfi tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìkẹyìn nígbà tó bá pé ọmọ ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ ṣeun.