Kámẹ́rà kékeré tó ṣeé gbé wọ dáńfó: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìta-Fájì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni mò ń gbé kọ́rùn kiri yẹn, pé ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń náwó lé lórí nígbà tí fóònù wà lápò. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Iye tí mo rà á nìkan ni mi ò ní sọ, ìyàwó mi wà níbí.

Sùúrùlérè ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kámẹ́rà ńlá kan tẹ́lẹ̀, irú èyí tó ní dígí nínú, tó máa ń ró gbàgà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Inú wọ́dúróòbù ló ń gbé. Kì í ṣe pé kò dáa o, ó wúwo ni, ó sì máa ń pe èrò léni lórí. Bí mo bá gbé e jáde ní Ìdúmọ̀tà, kí n tó gbé e sójú, ẹnì kan á ti ní, "Ọ̀gá, tẹlifíṣàn wo lẹ ti wá?" Ẹlòmíì á ní kí n wá rí àwọn ọmọ àdúgbò ná. Ìyá aláta tí mo tìtorí ẹ̀ dúró á sì ti fa ìborùn bojú.

Àwọn kékeré yìí ò ní dígí yẹn mọ́. Nínú ti àtijọ́, dígí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ látinú lẹ́ńsì, tó ń dà á sókè sí ihò tí à ń yọjú wò; bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ tó ráyè dé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Wọ́n yọ ọ́ dànù, ni ara kámẹ́rà bá fọn. Ohun tẹ́ ẹ wá ń rí nínú ihò báyìí, tẹlifíṣàn kíún kan ni, ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ló ń fi hàn yín. Bí fọ́tò bá fẹ́ ṣókùnkùn, ẹ ti rí i kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Sony a6000 ni mo rà, tòkunbọ̀, ní Òtígbà. 2014 ló jáde, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 24.3 ni, gíráàmù 344 sì ni pẹ̀lú bátìrì àti mẹ́mórì nínú, kò tó ìdajì kílò. Lẹ́ńsì 16-50mm tó bá a wá máa ń fa orí wọlé bí ìjàpá tí ẹ bá ti pa á.

Ọjọ́ tí mo lọ rà á, mo ṣe bí ọmọdé. Iná ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ rokoṣo, mo ya fáànù òkè àjà, mo ya ojú ẹni tó ń tà á, gbogbo ẹ̀ ń dán. Orí mi wú, ni mo bá tún mú lẹ́ńsì kejì lórí àtẹ, mo sanwó méjèèjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, NEPA mú iná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń fi wá ìdérí lẹ́ńsì kejì yẹn nílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn lẹ́ńsì kọjá. Mo rí nǹkan funfun tín-tìn-tín tó ta ẹ̀ka nínú ẹ̀, bí òwú aláǹtakùn. Lẹ́ńsì ti bu! Bí búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún ṣe ń bu, bẹ́ẹ̀ ló bu. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni náà kàn wò mí: "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin náà wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó." Kò sì parọ́.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sin òun lọ ra tòkunbọ̀, tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́. Mo ń tàn án gba ẹ̀yìn lẹ́ńsì. Mo ń jáde síta lọ ya ojú ọ̀run tó mọ́, pẹ̀lú ihò lẹ́ńsì tí mo ti há dé f/16, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó bá wà lára sẹ́ńsọ̀ ti máa ń fojú hàn, tó-tò-tó dúdú. Mo sì ń yọ bátìrì wò bóyá ó ti wú.

Àmọ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ń mọ kámẹ́rà. Ibi tí mo ti mọ tèmi ni ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Léèsì funfun ni gbogbo ọmọ olóòkú wọ̀, oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n tò síwájú ilé bí eyín. Mo yà wọ́n, léèsì di eérú, ojú gbogbo wọn di èédú. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní, "Ìyá mi ló kú, àwa kọ́." Ohun tó fà á ni pé kámẹ́rà ò mọ funfun, kò mọ dúdú, ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí bí eérú. Tí funfun bá ti pọ̀ níwájú ẹ̀, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, ni yóò bá dín in kù. Mo tẹ ìsàlẹ̀ òbìrí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fi ìmọ́lẹ̀ kún un dé +1. Ojú yọ, àmọ́ ihò ara léèsì parẹ́, ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ni wọ́n ró. Mo dá a padà sí +0.7. Ojú yọ, ihò léèsì náà yọ. +0.7 yẹn ni mo fi ń ya òde aláṣọ funfun títí dòní.

Nínú dáńfó, lórí Third Mainland láàárọ̀, nígbà tí èéfín Mákòkó bá ń rá pálá lójú omi, mo máa ń fi ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa níwájú sẹ́ńsọ̀, sí ìdá kan nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan, mo á sì fẹnu lẹ́ńsì ti ojú fèrèsé tí wọ́n ṣí. Bíríìjì náà gùn tó kìlómítà 11.8, kò sí kánjúkánjú. Kọ́ńdọ́ rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fọ́tò wà nínú nǹkan kékeré yẹn?" Kí n tó dáhùn ó ti fọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó fi ìkejì tún fìlà ṣe. Ta ló jẹ́ dúró fún kámẹ́rà ńlá mi báyẹn rí?

Ohun tí mi ò fẹ́ nínú ẹ̀: ojú ẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ tẹ̀ bíi ti fóònù. Bátìrì ẹ̀, àwọn tó ṣe é ní fọ́tò 360 ni, tèmi kì í débẹ̀ torí mo máa ń tún un wò ṣáá. Mẹ́ta ni mo ní, mo sì ń fi páwà báǹkì gba iná sí i lójú ọ̀nà. Èyí tó tún ń yọ mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ti ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ síta ní Marina, lẹ́ńsì á ṣe bàìbàì bí ojú ìkòkò tó ń hó. Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe?

Aláṣọ Balógun

Mo kí yín o. Èmi ò ní dáńfó tí mò ń tibẹ̀ yà, ọjà ni mò ń tà.

Abẹ́ tapólì aláwọ̀ búlúù ni ìsọ̀ mi wà. Fóònù ni mo fi ń ya aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà tẹ́lẹ̀. Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn ra léèsì, àwọ̀ wáìnì. Aṣọ dé ọwọ́ ẹ̀, ó pè mí, kò tiẹ̀ kí mi: "Mọ̀mí, èyí tẹ́ ẹ fi hàn mí kọ́ nìyí, èlùbọ́ ló jọ." Tapólì ló ń da búlúù sórí aṣọ, fóònù wá ń fi ọgbọ́n orí ara ẹ̀ tún un ṣe, lónìí ó pọ́n, lọ́la ó rẹ̀ dòdò. Mo gba aṣọ padà, èmi ni mo san owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé Canon M50 wá fún mi láti Amẹ́ríkà, ti 2018. Òun ló kọ́ mi: mo máa ń tẹ́ pépà funfun sábẹ́ tapólì yẹn gan-an, mo á yà á, mo á sọ fún kámẹ́rà pé funfun nìyí. Ó parí. Títí oòrùn fi máa yí, àwọ̀ tí ojú mi rí lójú oníbàárà ń rí. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ mo á tún tẹ́ pépà. Ojú ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé yí wá síwájú, nítorí náà mo lè ró aṣọ fúnra mi kí n sì máa wo ara mi, mi ò bẹ ọmọ ìsọ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á báyìí, kó mọ̀ pé Canon ò sí nídìí irú ẹnu lẹ́ńsì tó wà lára ẹ̀ mọ́, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì ti ń so mọ́ kámẹ́rà. Láti 2022 ni wọ́n ti gbé ẹnu RF wá sára àwọn kékeré, wọn ò sì ṣe tuntun fún tèmi yìí mọ́. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni mò ń lò, kò dùn mí.

Okùn ẹ̀, ìgbà méjì ni mo ń wé e mọ́ ọwọ́. Ẹ mọ Balógun.

Fóònù Ti Tó

Mo rà á, mo tà á láàárín oṣù mẹ́rin. Bí mo bá ya èèyàn tán ní òde, ohun tó máa sọ ni "fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp". Kí n wá sọ pé kó dúró kí n so kámẹ́rà mọ́ fóònù? Fọ́tò tí kò dé lọ́jọ́ àríyá ti kú. Ẹ má bínú.

Akọrin Yábàá

Ẹ̀gbọ́n Ìta-Fájì, ẹ kú iṣẹ́. Fujifilm X-T20 ni tèmi, ti 2017. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí pé òkè ẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà, mo kàn ń fọwọ́ yí i bíi rédíò bàbá mi: ṣọ́tà níhìn-ín, ìmọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ó ní ipò kan tí kì í dún rárá. Mo ní háà, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Ọjọ́ ìkórè, pásítọ̀ ń gbàdúrà, mo rọra ń yà á, kò sẹ́ni tó gbúròó mi. Ilé ni mo ti wá rí i: ìlà dúdú, ìlà mímọ́, ìlà dúdú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi pé wọ́n da aṣọ òfì bo pásítọ̀ lórí. Gbogbo ẹ̀ pátá!

Iná LED ni. Iná tiwa yìí máa ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú á sì máa bá a ṣẹ́jú nígbà 100. Ojú èèyàn ò lè rí i. Àmọ́ tí kámẹ́rà ò bá lo ṣọ́tà gidi, ìlà-ìlà ló ń ka fọ́tò. Ìlà tó bá bọ́ sí ìgbà tí iná ṣẹ́jú á dúdú. Mo dá a padà sí ṣọ́tà tó ń dún, mo fi sí 1/100, ó lọ. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n tàn, kò dájú o, torí ìyára ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ yà á wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Pásítọ̀ rí fọ́tò náà, ó ní òun ti di Jósẹ́fù aláṣọ aláràbarà.

Bàbá Aláwòrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Múṣin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, fíìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 36 péré nínú róòlù kan, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ọmọ Ìta-Fájì, lẹ́ńsì tó ń ṣe bàìbàì yẹn, ó ti tutù nínú ọ́fíìsì ni, atẹ́gùn Èkó tó lómi nínú wá kọlù ú. Má fi aṣọ nù ún. Kí o tó jáde, fi kámẹ́rà sínú ọ̀rá, dì í pa, ara ọ̀rá ni omi á dúró sí. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níta, tú u. Omi yẹn kan náà ló ń jẹ́ kí lẹ́ńsì bu, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, má jù wọ́n nù mọ́. Kó wọn sínú ike oúnjẹ tó ní ìdérí líle, kí o gbé lẹ́ńsì lé e. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń kì í bọ inú ìrẹsì. Ìyẹ̀fun ìrẹsì nìyẹn ń lọ sínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Dígí tí wọ́n yọ yẹn, ó ń bo nǹkan láṣìírí. Ní báyìí, bí o bá tú lẹ́ńsì, sẹ́ńsọ̀ wà níta gbangba. Pa kámẹ́rà, dojú ẹ̀ délẹ̀, kí o tó pààrọ̀. Nígbà ọyẹ́, má pààrọ̀ níta rárá. Nínú dáńfó ńkọ́? N kò gbọ́ ọ rí.

Ọmọ Ìta-Fájì

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo gbìyànjú ọ̀rá yẹn láàárọ̀ yìí, ọ̀rá búrẹ́dì ni mo rí, ó ṣiṣẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé oúnjẹ ni mo gbé pamọ́ fún wọn.

Fóònù Ti Tó, àwáwí lásán lo ń wí. Fífi ránṣẹ́ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, téèyàn bá ti pinnu.

Ìyá Ayọ̀

Bàbá Ayọ̀, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ ya màmá mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ ní kò tíì sí irú ẹ̀ rí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tún pè mí láàárọ̀ yìí. Inú kámẹ́rà ló ṣì wà.