Báwo lẹ ṣe ń mú ìyá padà wá fún ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ?

Ẹ̀yin agbẹ̀bí Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àìtó táírọ́ìdì (họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ inú ọrùn ń pèsè) ọmọ tuntun ni, èyí tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ yẹ̀ wò. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tó ní Down syndrome (àìsàn àbímọ́ tí kírómósómù tó lé kan ń fà) àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lo carbimazole (oògùn tó ń dín táírọ́ìdì kù) la ń ṣọ́ jù. Ayodíìnì tí wọ́n ń fi pa ìwọ́ náà wà níbẹ̀: awọ ọmọ ń fà á wọlé, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń dá táírọ́ìdì dúró. (Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò míì fún ìwọ́, tẹ́ mi lọ́rùn jù.)

Bí a bá gbẹ̀jẹ̀ kó tó pé wákàtí 24, TSH (họ́mọ̀nù láti orí tó ń ta táírọ́ìdì jí, tó máa ń ga bí táírọ́ìdì kò bá tó) á ga lásán. Wákàtí 48 sí 72 ló dáa, àmọ́ nígbà yẹn ìyá ti lọ sílé. Ìbejì tó pín ibi-ọmọ kan ṣoṣo lò tún le jù, torí ẹ̀jẹ̀ èkejì lè bo àìsàn èkíní mọ́lẹ̀, àfi ká tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ lẹ ń so gbígba ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, àbí ẹ ń wá wọn lọ sílé kí ọjọ́ ìkómọ tó dé?